Ìmọ́lẹ̀ Ọdẹ Òru àti Bátìrì Rẹ̀

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá ilé kan tí ọkọ rẹ̀ ń ṣe àgbẹ̀ ní ọ̀sán, tí ó sì ń ṣe ọdẹ ní òru. Ó ní tọ́ọ̀ṣì ọkọ òun ti bàjẹ́, àti pé ọlọ́jà kan ti fi òmíràn hàn án, èyí tí a kọ sí ara páálí rẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń dé kìlómítà méjì. Owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé-ìwé ọmọ wọn kan fún sáà kan. Ìyá náà bi wá ní ìbéèrè méjì: ṣé ó tọ́ kí àwọn ra á? Àti pé, ṣé bátìrì inú rẹ̀ kò ní dá iná sílẹ̀ nínú ilé?

Ìbéèrè méjèèjì jẹ́ ti ọlọ́gbọ́n obìnrin, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ilé òun nìkan ni irú ọ̀rọ̀ báyìí wà. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ẹni tí ń fi oorun rẹ̀ wá ẹran fún aya àti ọmọ yẹ ní ẹni tí a ń bá ro ọ̀rọ̀ irin iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ìdáhùn wa yóò gùn díẹ̀ lónìí.

Kí a tó sọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè ohun tí ọdẹ ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn pé ó ń fi í rí ẹran. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òótọ́ ni. Iṣẹ́ kejì tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe fún ọdẹ ni kí ó mọ ohun tí ó rí. Iṣẹ́ kejì yìí ni ó le jù, òun sì ni ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ojú ọ̀pọ̀ ẹran tí ń jẹ̀ ní òru, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tí ó ń dán bí dígí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ inú ojú ẹran náà, awọ yìí a dá a padà sí ọ̀nà tí ó gbà wọlé. Ìdí nìyí tí ojú ẹtu àti ojú ẹtà fi ń tàn bí ẹyin iná nínú òkùnkùn. Nítorí pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá ni ó ń padà sí, ẹni tí àtùpà rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀ ni ó ń rí i jù. Àwọn baba wa kò ka èyí nínú ìwé, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń de àtùpà kábáàdì mọ́ iwájú orí. Omi a máa kán sórí kábáàdì nínú àtùpà náà, afẹ́fẹ́ tí ó ń gba iná a jáde lára rẹ̀, a sì máa jó pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ funfun. Àtùpà náà kò lè ta ìmọ́lẹ̀ jìnnà, òórùn rẹ̀ kò dára, iná rẹ̀ sì lè ran koríko gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ó to àwọn baba wa ní oúnjẹ jẹ.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ẹran igbó nìkan ni ojú rẹ̀ ń tàn bẹ́ẹ̀. Ojú ajá ń tàn, ti ewúrẹ́ ń tàn, ti àgùntàn àti màlúù ń tàn, ti ológbò pẹ̀lú ń tàn. Ojú ènìyàn ni kò ní awọ yìí. Bí ènìyàn bá sùn sí ẹ̀gbẹ́ ajá rẹ̀ ní oko, ojú ajá nìkan ni ọdẹ yóò rí.

A kò sọ èyí láti inú àròsọ. Ní ìgbà èwe wa, ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan jẹ́ ọdẹ. Ní òru ọjọ́ kan, ó dé eteetí oko iṣu kan, ó sì rí ojú méjì tí ń tàn nísàlẹ̀, ní ìwọ̀n ibi tí orí ẹtu yẹ kí ó wà. Ó gbé ìbọn sókè. Ṣùgbọ́n àtùpà rẹ̀ kò lágbára tó láti fi ara ohun náà hàn án. Ojú nìkan ni ó rí. Ó dúró pẹ́, lẹ́yìn náà ó sọ ìbọn kalẹ̀, ó sì húkọ́. Ajá ni ó gbó. Ẹ̀yìn ajá náà ni olóko wà, tí ó fi ẹní tẹ́ sí ìdí ebè nítorí àwọn olè tí ń wa iṣu rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn títí ilẹ̀ fi mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí bàbá wa àgbà yìí máa ń sọ fún àwọn ọmọ ọdẹ lẹ́yìn èyí ni pé: “Ojú méjì kì í ṣe ẹran, ara ni ẹran.” Ẹni tí kò bá tíì rí ara, orí, ẹsẹ̀ àti ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì rí ẹran. Ọta tí ó bá ti jáde lẹ́nu ìbọn kò ní etí tí a ó fi pè é padà.

Láti ibi yìí ni a ó ti mọ tọ́ọ̀ṣì tí ó yẹ. Kì í ṣe kí ìmọ́lẹ̀ dé ibi tí ìbọn kò lè dé ni a ń wá. Kí ó fi ohun gbogbo hàn kedere ní ibi tí ìbọn dé, àti ní ẹ̀yìn ibẹ̀ pẹ̀lú, ni a ń wá. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọdẹ wa ń lò kì í ṣiṣẹ́ rere ju nǹkan bíi mítà 40 lọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọta kéékèèké náà lè fò ju mítà 200 lọ kí wọ́n tó balẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ẹni tí ọdẹ kò rí ní jàǹbá. Kí ni irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ yóò fi kìlómítà méjì ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a wá ka ohun tí a kọ sí ara páálí. Nǹkan mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì níbẹ̀. Èkíní ni lumen, èyí tí ó jẹ́ àpapọ̀ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ń ti ẹnu tọ́ọ̀ṣì jáde. Èkejì ni candela, èyí tí ó jẹ́ agbára ìmọ́lẹ̀ náà ní ojú kan ṣoṣo tí ó kọ sí. Bí a bá da omi inú igbá sílẹ̀, a tàn ká, kò sì lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi agbára tú omi kan náà jáde láti inú ihò kékeré, a lọ jìnnà. Omi inú igbá ni lumen. Bí omi ṣe ń jáde láti inú ihò ni candela. Àwo dídán tí ó yí iná ká nínú tọ́ọ̀ṣì ni ó ń ṣe iṣẹ́ ihò náà: bí ó bá fẹ̀ tí ó sì jin, ìmọ́lẹ̀ a ká jọ, a sì lọ jìnnà. Nítorí náà, tọ́ọ̀ṣì tí lumen rẹ̀ pọ̀ lè má ríran jìnnà tó èyí tí lumen rẹ̀ kéré.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà jíjìn tí a kọ ní mítà. Àwọn tí ń ṣe tọ́ọ̀ṣì gidi ní ìlànà tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, èyí tí a ń pè ní ANSI FL1. Lábẹ́ ìlànà yìí, òpin ọ̀nà náà ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ti dín kù títí ó fi dà bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá tí ó kún. Ẹ rò ó wò: ta ni ó lè mọ ẹtu yàtọ̀ sí ewúrẹ́ ní mítà 300 lábẹ́ òṣùpá? Nítorí náà ni a ṣe ń gba ọdẹ ní ìmọ̀ràn pé kí ó pín iye tí ó bá bá lára páálí sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ó sì gba ìdá kan ṣoṣo gbọ́. Bí páálí bá sọ pé 300, kí ó ka á sí 100. Níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án ti òpin ọ̀nà.

Ìṣirò kan wà pẹ̀lú tí yóò ran ẹni tí ó fẹ́ dá irọ́ mọ̀ lọ́wọ́. Kí ọ̀nà jíjìn tó di ìlọ́po méjì, candela gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin. Tọ́ọ̀ṣì tí yóò dé mítà 200 ń fẹ́ candela 10,000. Èyí tí yóò dé 400 ń fẹ́ 40,000. Èyí tí yóò dé 800 ń fẹ́ 160,000. Èyí tí yóò dé kìlómítà méjì ń fẹ́ 1,000,000. Irú èyí wà ní ayé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí ọ̀pá. Kò lè fi ènìyàn tí ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹran hàn, ẹran nìkan ni yóò fi hàn. Bí páálí bá sì pariwo kìlómítà méjì láìsọ iye candela kankan, ariwo ọjà lásán ni.

Ní inú igbó kìjikìji bíi ti Oǹdó àti Ìjẹ̀bú, ewé àti igi kì í jẹ́ kí ojú lọ jìnnà. Tọ́ọ̀ṣì tí a kọ mítà 150 sí 250 sí ara rẹ̀, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tàn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ti tó. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti Ṣakí àti Kìṣí, níbi tí koríko ti tẹ́jú, a lè lọ sí 300 tàbí 400. Ní àkókò ọyẹ́ àti nígbà tí ìkùùkuu bá sọ̀kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tí ó lágbára jù a máa kọlu eruku tàbí omi inú afẹ́fẹ́, a sì padà wá fọ́ ọdẹ lójú. Nígbà náà ni ó dára kí tọ́ọ̀ṣì ní ìwọ̀n kékeré tí a lè yí i sí. Ọ̀pọ̀ ẹran kì í rí iná pupa dáadáa, nítorí náà àwọn ọdẹ mìíràn máa ń fi í wá ẹran. Ṣùgbọ́n iná pupa kì í fi àwọ̀ ara ẹran hàn. Kí a fi funfun mọ ẹran dájú kí a tó gbé ìbọn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò dá. Àwọn kan ń de tọ́ọ̀ṣì mọ́ ìsàlẹ̀ ìbọn. Ó rọrùn nígbà tí ọwọ́ méjèèjì bá wà lára ìbọn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní ìmọ́lẹ̀ mìíràn yóò máa fi ẹnu ìbọn wo gbogbo ohun tí ó bá fẹ́ rí: ọ̀nà, igi, àti ọmọ ènìyàn tí ń bọ̀ láti oko. Kí tọ́ọ̀ṣì orí jẹ́ ti ìwákiri. Bí a bá ní ti ìbọn, kí ó jẹ́ ti ìgbà tí a ti mọ ẹran dájú nìkan. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí; kò fi èékánná ṣọ́ ọ.

Bí a bá ń rà, kí a tún wo àmì omi. Àmì IPX4 ń sọ pé òjò tí ń ta sí i kò ní ṣe é ní nǹkan. IPX7 ń sọ pé bí ó bá ṣubú sínú odò tí ó jin tó mítà kan, tí a sì yọ ọ́ kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé, omi kò ní wọ inú rẹ̀. Kí a sì bèèrè bí iná náà ṣe ń pẹ́ tó ní ìwọ̀n tí a ó máa lò. Ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì kì í lè dúró lórí agbára rẹ̀ tí ó ga jù ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, nítorí ooru. Lẹ́yìn èyí, òun fúnra rẹ̀ a dín ìmọ́lẹ̀ kù.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kan bátìrì. Àwọn bátìrì ńlá tí a fi ń bọ inú tọ́ọ̀ṣì láti ìgbà pípẹ́, fóòtì 1.5 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọn kò léwu púpọ̀, a sì ń rí wọn ní abúlé gbogbo. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ wọn a máa rọ díẹ̀díẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ títí di òru, bí wọ́n bá sì kú, wọ́n kú nìyẹn. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ pẹ́ nínú tọ́ọ̀ṣì, omi ara wọn a jáde, a sì jẹ irin inú rẹ̀. Ní ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony ti Jàpáánù kọ́kọ́ gbé bátìrì lithium-ion tí a lè máa fi iná sí léraléra wá sí ọjà. Irú rẹ̀ ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì alágbára lónìí. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni a ń pè ní 18650: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 65. Òmíràn ni 21700, tí ó sanra jù ú lọ.

Ẹ̀tàn pọ̀ nínú ọjà bátìrì yìí. Ìwọ̀n ohun tí bátìrì lè gbà sínú ni a ń kọ ní mAh. Ojúlówó 18650 tí ó dára ń gbà nǹkan bí 2,500 sí 3,500. Àwa fúnra wa ra méjì nígbà kan tí a kọ 9,900 sí ara wọn. Inú wa dùn pé a rí ọjà. Wọ́n tan iná fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń jẹun alẹ́, wọ́n sì kú. Nígbà tí a gbé wọn lé òṣùwọ̀n, wọn kò wúwo tó ìdajì èyí tí ó yẹ; ojúlówó máa ń wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 45. A ti bá ìyẹ̀fun lásán nínú irú wọn rí, tí a fi kún bátìrì kékeré kan tí a fi pamọ́ sí àárín. Ẹ má ṣe là á wò fúnra yín o, nítorí ó lè gbiná. Ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìyá ilé, ibi yìí ni ìbéèrè rẹ kejì wà. Bátìrì lithium kì í kàn dédé jó. Àìbìkítà wa ni ó máa ń fa èyí tí ó pọ̀ jù. Kí bàbá ọdẹ má ṣe fi bátìrì sí àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, owó irin tàbí ọta, nítorí bí irin bá so orí rẹ̀ méjèèjì pọ̀, yóò gbóná títí yóò fi gbiná. Kí ó ní páálí tàbí ike kékeré tí yóò máa kó wọn sí. Bí tọ́ọ̀ṣì bá ń lo méjì, kí méjèèjì jẹ́ irú kan náà, kí a rà wọ́n pọ̀, kí a sì fi iná sí wọn pọ̀. A kì í da ogbó pọ̀ mọ́ tuntun. Èyí tí ọ̀rá ara rẹ̀ bá ya, tí ó bá wú, tàbí tí ara rẹ̀ bá tẹ̀, kí a mú un kúrò nínú ilé. Kí a má sì jù ú sórí ààtàn tí a ń dáná sun.

Ẹ̀rọ tí a fi ń fi iná sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ṣe fún bátìrì lithium, tí yóò sì dá ara rẹ̀ dúró ní fóòtì 4.2. Orí sìmẹ́ǹtì tàbí àwo amọ̀ ni kí a gbé e lé, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì tàbí ẹ̀gbẹ́ aṣọ títa, kì í sì í ṣe ibi tí ìbọn oògùn wà. Ojú ọ̀sán ni kí a ṣe é, nígbà tí ẹnìkan bá wà nílé tí kò sùn. Bí ọmọ bá bèèrè tọ́ọ̀ṣì ṣeré, ẹ fún un ní tirẹ̀ tí kò lágbára. Ti ọdẹ lè ba ojú ọmọ jẹ́.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé òfin. Kí ọdẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ìjọba tí ń tọ́jú igbó ní ìpínlẹ̀ rẹ̀ nípa ẹran tí a lè pa, àkókò tí a lè pa á, àti bí òfin ṣe wí nípa fífi iná ṣọdẹ. Nínú ọgbà ẹran ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, a kò gba ọdẹ láàyè rárá. Akíka pẹ̀lú ti ń tán lọ: ní ọdún 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan pé kí òwò rẹ̀ láàrin ilẹ̀ kan sí èkejì dópin. Ìmọ́lẹ̀ tí ó dára ni yóò jẹ́ kí ọdẹ mọ akíka, kí ó sì fi í sílẹ̀ kí ó máa lọ.

Ìdáhùn wa sí ìyá náà nìyí. Ẹ má ra ti kìlómítà méjì. Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì orí kan tí kò ju mítà 250 lọ, tí a kọ candela rẹ̀ sí páálí, pẹ̀lú bátìrì ojúlówó méjì, ọ̀kan nínú tọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan nínú àpò, àti ẹ̀rọ tí ó yẹ láti fi iná sí wọn. Kí bàbá gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé ní òru kí ó tó wọ inú igbó. Kí ẹ so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ní ogójì ìṣísẹ̀, kí ẹnìkan sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kí bàbá fi ọwọ́ lásán tan ìmọ́lẹ̀ sí wọn, láìmú ìbọn jáde. Bí ó bá rí ojú ewúrẹ́ ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ó dá tọ́ọ̀ṣì náà padà fún ọlọ́jà ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá rí méjèèjì, ó ti rí ohun tí ó yẹ, owó ilé-ìwé ọmọ yóò sì ṣẹ́kù sílé.

Kí ọdẹ lọ ire, kí ó bọ̀ ire.